Kí Ló Wà Láàárín Wọn?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan fún yín lónìí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Póli, tí ìròyìn tó máa ta ìwé nìkan ni mò ń wá kiri, mo kọ ọ́ pé olùdarí fíìmù kan àti òṣèré obìnrin kan ń fẹ́ra wọn lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí wo ni mo ní? Fíìmù mẹ́ta tí bàbá náà ṣe tẹ̀léra, obìnrin yìí ló kó ipa tó ga jù níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀rí mi ò ju ìyẹn lọ. Ìwé sì tà wàràwàrà.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà pè mí. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, àfi bó ṣe rọra ní, "Àbúrò mi, ọkọ mi ti ka ìwé yín o. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe, ṣé ibùsùn nìkan lo rí níbẹ̀?" Ẹnu mi wọhò.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo fíìmù. Ẹ wo ohun tí Túndé Kèlání ṣe lọ́dún 2006. Nínú Abẹ́ní, ọmọ ilé ọlà tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ òun àti Àkànní dé orílẹ̀-èdè Benin ni Sola Asedeko. Nínú The Narrow Path, tí wọ́n mú látinú ìwé The Virgin tí Báyọ̀ Adébọ̀wálé kọ, òun kan náà ni Awẹ́ró, ọmọ abúlé tí ọkùnrin kan fipá bá lò pọ̀ kó tó wọlé ọkọ. Ọdún kan náà, obìnrin méjì tí wọn ò jọra rárá! Kí òṣèré tó lè sunkún irú ẹkún Awẹ́ró níwájú kámẹ́rà, ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé ẹni tó ń darí òun ò ní dójú ti òun. Olùdarí náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé. Ìfọkàntán nìyẹn, iṣẹ́ ni.

Irú ẹ̀ gan-an ni mo bàjẹ́. Obìnrin tó pè mí àti olùdarí rẹ̀ ò ṣe fíìmù pọ̀ mọ́ títí dòní. Àforíjìn tá a tọrọ ò ju ìlà mẹ́ta lọ, nísàlẹ̀ ojú ewé tẹ́nì kan ò kà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ ẹ bá rí èyí kà, ẹ foríjì mí.