Àpáàdì Ló Tó Ko Iná Lójú

Ìwé pélébé kan ni àbúrò wa mú wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Eérú àti eruku sìmẹ́ǹtì ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ààrò búrẹ́dì tí ó fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì mọ sí ẹ̀yìnkùlé kò tí ì pé oṣù méjì tí ó fi sán, tí òkè rẹ̀ sì wó lu búrẹ́dì tí ó wà nínú rẹ̀. Àgbà kan nídìí iṣẹ́ náà ni ó sọ fún un pé irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ kò lè gba iná, ó sì bá a kọ orúkọ ohun tí yóò lọ rà sínú ìwé. Àbúrò wa na ìwé náà sí àwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì tí a mọ Faransé kà. A kà á sókè: *brique réfractaire*.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi wá pé, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kọ sínú ìwé mi nìyẹn?"

Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nínú wa. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni.

Missèbo ni a ti tọ́ wa dàgbà, ní Cotonou, nítòsí ọjà Dantokpa, níbi tí a ti ń tú aṣọ àlòkù jáde láti inú bẹ́ẹ̀lì láràárọ̀. Ìyá wa wà lára àwọn tí ń tà á. Èdè kò wọ́n ní àdúgbò náà: Yorùbá, Fọ̀n, Gùn, Ìgbò àti Faransé ni ènìyàn lè gbọ́ kí ó tó ra ṣòkòtò kan. Ìyá wa ń ná ọjà ní mẹ́ta nínú wọn, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Àwa ọmọ ni ojú rẹ̀ nídìí ìwé. Bí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, àwa ni a ó kà á. Bí ó bá ti ilé ìwé wá, àwa náà ni.

Ní ilé ìwé wa nígbà náà, èèwọ̀ ni kí ọmọ sọ èdè ilé rẹ̀. Ẹni tí a bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ yóò gba ohun kan tí a ń pè ní *signal*, igi kékeré tí a fi okùn kọ́ sí ọrùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó fi lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó máa dọdẹ ọmọ mìíràn tí yóò ṣèèṣì sọ Yorùbá tàbí Fọ̀n, kí ó fi í sùn, kí ó sì gbé igi náà kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń parí ni yóò jẹ ẹgba. Gbogbo wa ni a gbé *signal* fún ẹlòmíràn rí. Títí di òní, àwa tí à ń kọ èyí ṣì rántí orúkọ àwọn tí a fi sùn. Àbúrò wa nìkan ni kò ṣe é. Nígbà tí ó kàn án, ó gbé e kọ́rùn ní ọjọ́ kìíní, ó jẹ ẹgba. Ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Wọ́n bi í pé ta ni ó gbọ́ tí ń sọ èdè ilé, ó ní òun kò gbọ́ ẹnikẹ́ni. Ní òpin sáà, olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé: *Élève réfractaire*.

Ìyá wa ní kí a túmọ̀ rẹ̀ fún òun. A mọ ìtàn *signal* náà, a kò sọ ọ́. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí ó wá sí wa lẹ́nu ni a fún un: "Wọ́n ní olórí kunkun ni. Wọ́n ní kì í gbọ́ràn." Ìyá wa ro owó bẹ́ẹ̀lì tí kò tí ì san tán, ó ro owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta, ó ní òun kò ní máa náwó sórí ẹni tí kò fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, àbúrò wa wà ní Missèbo, ó ń ru bẹ́ẹ̀lì.

A kò parọ́. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Faransé yóò bá olórí kunkun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a sọ. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Ààbọ̀ tiwa dé inú ìyá wa, ó di odindi lóòótọ́, ó sì gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìwé bíríkì náà dé ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ààbọ̀ kejì lọ. Èdè Látìnì ni Faransé ti mú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ń ṣàtakò ni ó sì ń tọ́ka sí níbẹ̀. Ní 1790, nígbà tí àwọn ará Faransé ń yí ìjọba wọn padà, wọ́n ṣe òfin kan tí ó fi àwọn àlùfáà Kátólíìkì sábẹ́ àṣẹ ìjọba, wọ́n sì ní kí wọ́n búra sí i. Àwọn àlùfáà tí ó kọ̀ ni a pè ní *prêtres réfractaires*. Ní 1943, nígbà tí Jámánì jẹ gàba lé Faransé lórí, ìjọba Vichy ṣòfin láti kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣiṣẹ́ tipátipá ní Jámánì. *Réfractaires* náà ni a pe àwọn tí ó kọ̀, tí wọ́n sì fara pamọ́. Ogun parí, ó sì di 1950 kí Faransé tó ṣòfin mìíràn tí ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ àti ọlá lábẹ́ orúkọ yẹn kan náà.

Nílé wa níhìn-ín pàápàá, ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Àwọn Ọ̀họ̀rí, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí ń gbé ilẹ̀ àbàtà tí ó wà láàárín Pobẹ̀ àti Kétu, dìde sí ìjọba Faransé ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní. Nínú ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú tẹ̀ jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó, a rí ìtàn ìdìde náà, a sì rí ti àwọn tí wọ́n ré ààlà kọjá sí Nàìjíríà kí a má bàa fi tipá kó wọn lọ sójú ogun tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí ó bá sá fún iṣẹ́ ológun, *réfractaire* ni Faransé ń pè é. Lẹ́nu ẹni tí ń pàṣẹ, èébú ni. Lẹ́nu ọmọ-ọmọ ẹni tí ó kọ̀, ó lè di oríkì.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bíríkì náà fúnra rẹ̀. Omi wà lára ohun tí ó so sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn pọ̀ nínú búlọ́ọ̀kù. Bí ooru bá ti ń kọjá 300°C, tí ó ń lọ sí 400 àti 500, omi náà yóò máa jáde, ohun tí ó so pọ̀ yóò sì máa tú. Ìdí nìyí tí ààrò àkọ́kọ́ fi wó. Amọ̀ ni a fi ń ṣe bíríkì *réfractaire* tí ààrò búrẹ́dì ń lò, amọ̀ tí ó ní alumina àti silica nínú dáadáa, kò sì gbọdọ̀ rọ̀ kí ooru tó dé 1500°C ó kéré tán. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù lọ ni pé wọ́n máa ń lọ amọ̀ tí wọ́n ti sun tẹ́lẹ̀, kí wọ́n pò ó mọ́ amọ̀ tútù, kí bíríkì má bàa sún kì tí yóò fi sán. Èyí tí ó ti la iná kọjá ni ó ń di èyí tí kò tí ì rí iná mú.

Bẹ́ẹ̀ ni bíríkì yìí kì í lé iná. Ó ń gba ooru, ó ń pa á mọ́, nígbà tí a bá sì ti gbá ẹyín iná jáde, ó ń dá a padà fún búrẹ́dì díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó kọ̀ ni kí iná sọ òun di nǹkan mìíràn.

Nígbà tí a mọ èyí, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó yẹ kí a ti sọ fún ìyá wa láti ọdún wọ̀nyẹn kò ṣòro láti rí. Nígbà tí ìṣáná ṣì wọ́n, ọmọ tí a bá rán lọ tọrọ ẹyín iná ní ilé kejì, àpáàdì ni ó ń mú lọ. Àpáàdì ti jẹ́ ìkòkò rí, iná ti sun ún, ó ti fọ́, síbẹ̀ òun ni a fi ń gbé iná. Àwọn baba wa wò ó, wọ́n ní àpáàdì ló tó ko iná lójú.

Ìyá wa ti dàgbà, kò jókòó sí Missèbo mọ́. A jókòó tì í, a sọ ìtàn *signal* náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì tún ìwé èsì náà túmọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àpáàdì ni wọ́n pe ọmọ mi, ẹ wá sọ fún mi pé olórí kunkun ni?" Lẹ́yìn náà ni ó ké sí àbúrò wa láti ẹ̀yìnkùlé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ni ó pè, oríkì rẹ̀ ni. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti gbọ́ oríkì náà lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn. Àbúrò wa kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbọ́ ohun tí ó ní í sọ, ó ní, "Ìyá mi, ó ti kọjá. Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí iná."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé fún òbí yín ní ilé ìwòsàn, ní ọ́fíìsì ìjọba àti ní ilé ìwé, iṣẹ́ yín kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Kí ẹ tó túmọ̀ ohun tí a kọ nípa ẹnìkan, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó ṣe. Bí ẹ bá sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ kan ẹ̀yin náà lára.

Ààrò tuntun náà ti ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀ ni àbúrò wa ń fi búrẹ́dì gbígbóná ránṣẹ́ sí wa, kì í sì í gba owó. À ń jẹ ẹ́. Gbèsè náà kò tí ì tán.