Ọmọ ọdún Kòrónà

Ṣábẹ

Àdùkẹ́ àbúrò mi,

Òtútù Faransé ńkọ́? Ọyẹ́ ti mú níbí, òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa gan-an kì í hàn mọ́ láàárọ̀.

O bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí bóyá àwa náà sá fóyún nígbà Kòrónà bíi tiyín. Ẹ̀rín pa mí, owó fóònù sì tán kí n tó dáhùn. Gbọ́ ná.

O ṣáà mọ̀ pé Kùtọnu sí Pàràkú ni Bàbá Bọ́lá ń ná. Tó bá sùn sílé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, a dúpẹ́. Àfi bó ṣe di 30 oṣù kẹta 2020, tí ìjọba dínà mọ́ Kùtọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ọkọ̀ èrò ò gbéra mọ́. Ilé ni awakọ̀ mi jókòó sí títí di 11 oṣù karùn-ún. Ojoojúmọ́ ló ń fọ ọkọ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí mi tán lásìkò yẹn gan-an. Ṣé kí n lọ gba òmíràn ni, nígbà tí gbogbo ọjà ń pariwo pé ilé ìwòsàn làìsàn náà ń gbé? Mo ní tó bá rọlẹ̀, màá lọ. Mo fi páálí òfìfo yẹn há ẹ̀yìn dígí kí n má bàa gbàgbé. Kó tó rọlẹ̀, èébì ti dé.

Oṣù kìíní 2021 la bí Abíọ́dún. Ìwọ náà lo sọ fún mi pé lóṣù yẹn, 53,900 ọmọ ni wọ́n bí ní Faransé, ó fi 13% dín sí ti oṣù kìíní 2020. Ìbẹ̀rù kan náà mà ni, Àdùkẹ́! Ó ní kẹ́yin má bímọ. Èmi, ó ní kí n má lọ gba ohun tí mi ò fi ní bí.

Mo sọ fún Ìyá ọ̀rọ̀ àìsàn Zika tí ọkọ rẹ sọ, pé lọ́dún 2016 ìjọba El Salvador ní káwọn obìnrin ní sùúrù, kí wọ́n má lóyún títí di 2018. Ìyá ní ṣé ìjọba ni yóò máa sùn sáàárín tọkọtaya ni.

Òun náà ló ní kí n bi ọ́: o ní ó di kí ayé rọlẹ̀, ṣé ti ọ̀hún ò tíì rọlẹ̀ ni? Má bínú sí mi o, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́.

“Kòrónà” làwọn ọmọ àdúgbò ń pe Abíọ́dún, ó sì ń dáhùn. Ó ní kí n sọ fún ọ pé bàtà tó o fi ránṣẹ́ ti ń fún òun lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Bọ́lá