Bí Àgbà Bá Ṣubú ní Bódìjà

Bí òbí ẹnìkan nínú àwa tó wà lókè òkun bá kú nílé, ilẹ̀ kì í ṣú kí owó aṣọ ẹbí, ti kánópì àti ti oúnjẹ tó pé. Owó tí à bá fi gbà wọ́n là ló máa ń falẹ̀. Àwọn òbí wa ní Bódìjà, Àgbowó, Ring Road àti Challenge ní Ìbàdàn ni mò ń wí, àwọn tó ṣubú, tí a sì gbọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pé wọ́n ti lọ. A ó ní ọjọ́ ogbó ni. Èmi kò gbà.

Bí àgbà bá ṣubú, ibi tí eegun itan ti wọ inú ìbàdí ló sábà máa ń dá. Eegun àgbà ti fẹ́lẹ́, pàápàá ti àwọn ìyá wa tó ti kọjá nǹkan oṣù, nítorí náà kò dìgbà tí wọ́n bá jábọ́ láti òkè kó tó dá. Àìlèdìde tó tẹ̀lé e ló ń pa wọ́n: òtútù àyà á wọlé, ẹ̀jẹ̀ á dì lẹ́sẹ̀, á sì gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, egbò á yọ ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Kárí ayé, nínú àgbà 10 tí eyí bá ṣe, bíi 2 tàbí 3 ni kì í lò tó ọdún kan mọ́. Ní Ìlú Ọba, ìlànà ni pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ tó dé ilé ìwòsàn tàbí lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì gbé e dìde nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ.

Nílé, wọn kì í fẹ́ dààmú ọmọ tó wà lókè òkun. "Màmá kàn yọ̀ díẹ̀ ni." Wọ́n á fi ìpara Aboniki pa á, wọ́n á pe ẹni tó ń to eegun. N kò bá àwọn tó ń to eegun jà. Ṣùgbọ́n eegun itan yìí wà lábẹ́ ẹran, igi àti aṣọ kò lè dè é. Bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, owó àsansílẹ̀ ń bẹ, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ, irin tí wọn yóò fi so eegun ń bẹ. Ìgbà náà ni ìpàdé ẹbí lórí WhatsApp ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá pe ilé tí ẹ gbọ́ pé àgbà ṣubú, ẹ béèrè: ṣé ó lè fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún tẹlẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ náà kúrú ju èkejì lọ, tí ìka ẹsẹ̀ sì kọjú síta? Bí kò bá lè fi tẹlẹ̀, tàbí bí ẹsẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ ra á. Kí wọ́n gbé e lọ ya fọ́tò eegun lọ́jọ́ náà.

Ìmọ̀ kò jìnnà sí wọn. Ní nǹkan bí 2003 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí ṣèwádìí lórí àwọn àgbà tó lé ní 2,000 ní ìpínlẹ̀ 8 nílẹ̀ Yorùbá, ìṣubú sì wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Ní 2012, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà.

Nípa ìṣubú fúnra rẹ̀, táìlì dídán tí a fi owó òkè òkun tẹ́ sí balùwẹ̀ àwọn òbí wa ń kọ́? Lóru, tí wọ́n ti mú iná lọ, tí ìtọ̀ jí wọn, orí rẹ̀ ni wọ́n ń rìn. Àbá mi fún ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀ ni pé kí a ya owó sọ́tọ̀ tí akápò lè fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí ìpè bá wọlé, láìdúró de ìjíròrò. Ẹni tó bá sì ń lọ sílé ní Kérésì, kó gbé irin ìdìmú balùwẹ̀ àti iná oníbátìrì dání.