Kí A Tó Ra Aago Àtijọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí aago ọwọ́ àtijọ́ ń wù, ẹ má tètè wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yí sókè. Seiko 5, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1963, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè tó.

Nọ́mbà méjì ni ẹ óò bá níbẹ̀. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ inú aago, bí i 7S26. Nínú èkejì, ẹyọ kìíní ń fi ìparí ọdún hàn, ẹyọ kejì ń fi oṣù hàn: 73 ni oṣù kẹta ọdún tí ó parí sí 7. Ṣé 1967 ni tàbí 1997? Orúkọ ẹ̀rọ ni yóò parí ìjà náà. Ọdún 1996 ni 7S26 jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní bàbá òun fi irú rẹ̀ gbéyàwó ní 1970, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Ojú aago ni èrú pọ̀ sí jù. Wọn a fi ọ̀dà tuntun kun èyí tí ó ti gbó, yóò sì máa dán bí bàtà ọjọ́ ọdún. Ẹ wo lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ rẹ̀: orúkọ ẹ̀rọ náà ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí kò bá bá ti ẹ̀yìn mu, ẹ fura. Ojú aago tí bàbá mi fún mi ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Aláàgo kan ní kí òun bá mi kùn ún, mo kọ̀. Bí a bá kùn ún, ta ni yóò gbà pé bàbá mi ni ó lò ó?

Kí owó tó kúrò lápò, ẹ ní kí wọn ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú yín. Orúkọ ẹ̀rọ wà lára irin inú rẹ̀ pẹ̀lú.