Ní Òkè Hawan Kibo, Dáṣíbọ́ọ̀dù Wa Ṣókùnkùn Lọ́sàn-án Gangan

Ìdájí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní ọdún ni a gbéra ní Abuja, à ń lọ sí Jos fún ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. Àwa márùn-ún la wà nínú ọkọ̀: tọkọtaya, ọmọ méjì, àti Màmá tí wọ́n jókòó síwájú nítorí orúnkún wọn. Ọyẹ́ ti mú. Láti Keffi la ò ti rí ọ̀ọ́kán mọ́, ojú ọ̀run funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun sínú afẹ́fẹ́. Aṣálẹ̀ ilẹ̀ Chad, níbi tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ni púpọ̀ nínú eruku yẹn ti ń fẹ́ wá. Àwa tí a ń gbé òkè ọ̀hún là ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kó tó kan àwọn ará Èkó.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Akwanga ni tírélà kan yọ sí wa láti inú kùrukùru, kò tan iná kankan. Màmá lọgun. Àwa náà wá tan iná iwájú ọkọ̀ wa, nítorí pé nínú ọyẹ́, kí ẹlòmíràn lè rí wa la fi ń tan iná ju kí àwa fúnra wa ríran lọ. Ohun tí a kò fura sí ni pé bí iná iwájú ṣe tàn, bẹ́ẹ̀ ni iná dáṣíbọ́ọ̀dù rẹlẹ̀.

Ojú géèjì ọkọ̀ wa jẹ́ irú èyí tó dúdú bíi dígí awò oòrùn. Nínú ọkọ̀ mìíràn, oòrùn fúnra rẹ̀ ló ń tàn sí nọ́ńbà tí wọ́n kùn sójú géèjì, èèyàn á sì rí i kà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná kò bá ti ẹ̀yìn tàn jáde dáadáa, dúdú lásán lo máa rí. Ní ọjọ́ yẹn, ìmọ́lẹ̀ funfun inú ọyẹ́ tún ń kọ mànà sórí dígí náà. A ò mọ iye tí à ń sá. A kàn ń tẹ̀ lé ọkọ̀ tó wà níwájú.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ Hawan Kibo. Òkè tí ọ̀nà Akwanga ń gùn ni kó tó bọ́ sórí ilẹ̀ gíga Plateau, níbi tí Jos wà ní ibi tó lé ní 1,200 mítà sókè ju ìpele òkun lọ. Ọ̀nà náà ń lọ́ bí ejò, àwọn tírélà ń fi jíà kìíní rá gòkè, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń rùn fún bíréèkì. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí àpáta. Àwa òbí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

A ti gùn ún dé ìdajì nígbà tí ọmọ wa àgbà béèrè pé, "Mọ́mì, kí ló ń rùn bíi ṣúgà tó jó?" A wo géèjì ìgbóná, a ò rí nǹkan kan. A fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bò ó, a sún ojú mọ́ ọn, ìgbà náà la rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ibi pupa. A pa éásì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a tan èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná kó lè fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì, a ṣí gbogbo fèrèsé, a sì rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Rọ́bà tó ń gbé omi rédíétọ̀ ló là. Bóyá ó ti ń jo láti Keffi ni, ta ló mọ̀?

A jókòó lé orí òkúta fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Màmá fi aṣọ bora, wọn ò sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù. Ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. Awakọ̀ tírélà kan fẹ́ bá wa ṣí ìdérí rédíétọ̀ kíákíá, a bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó tutù ná, nítorí omi tó ń hó nínú rẹ̀ lè tú síni lójú. Nígbà tó tutù, ó bá wa gé ibi tó là kúrò, ó so ó padà, ó fún wa ní omi jálá kan, kò sì gba kọ́bọ̀. A kọjá àwọn àpáta Riyom láìdúró ya fọ́tò, a sì wọ Jos bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, a gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ríwáyà kan ní ọ̀nà Bukuru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adágún tí àwọn awakùsà tánńganran fi sílẹ̀. Èdè Hausa la fi kí i. Ó wo Màmá, ó sì dọ̀bálẹ̀: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Jos ni wọ́n bí i sí.

Ó tan iná iwájú, ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, ọkọ̀ yín rò pé ilẹ̀ ti ṣú ni." Ó ṣàlàyé pé bí a bá tan iná, ọkọ̀ á dín iná dáṣíbọ́ọ̀dù kù kó má baà tàn sí awakọ̀ lójú lóru. Kò mọ ọyẹ́. Ó na ọwọ́ sí kókó kékeré kan lábẹ́ sítíárìn, ó yí i sókè dé òpin, ó dún "kẹ́", ojú géèjì sì tàn. Ọmọ wa kékeré gbójú sí fèrèsé. Òun ló máa ń fi kókó yẹn ṣeré nígbà tí ọkọ̀ bá wà nílé.

Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí géèjì ìgbóná wà, ṣì ń ṣe bàìbàì. Ó yọ orí bátìrì, ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Gílóòbù méjì ti jó, ìyókù ti dúdú nínú. Àwa fẹ́ kó fi LED funfun tó mọ́lẹ̀ jù lọ sí gbogbo ẹ̀. Ó fi sí i, ó ta tapólì bo ọkọ̀, ó ní ká wọlé ká wò ó bí ẹni pé òru ni. Ojú wa ń ta! Ẹni tí iná inú ọkọ̀ bá ti ń tàn sí lójú báyìí kò lè rí ẹlẹ́sẹ̀ tó ń kọjá nínú òkùnkùn. A gba èyí tó pọ́n díẹ̀, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀ láti tàn, ó kàn yí i po ni, nítorí pé LED ní orí àti ìdí, gílóòbù àtijọ́ kò ní. Kò fọwọ́ kan gílóòbù àmì bátìrì rárá. Ó ní nínú ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn, gílóòbù yẹn wà lára ohun tó ń jí ẹ̀rọ tó ń gba bátìrì lágbára, bí a bá sì pààrọ̀ rẹ̀, bátìrì lè má gba iná mọ́. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ yí ọwọ́ géèjì, kó má baà máa pa irọ́ fún wa. Ohun tó tún yà wá lẹ́nu ni táwẹ̀lì funfun tí a tẹ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù láti ìgbà tí a ti ra ọkọ̀ náà: ó ní òun ló ń tàn padà sí ara dígí. Màmá ká a sínú báàgì wọn. Ó fi rọ́bà tuntun sí rédíétọ̀ fún wa pẹ̀lú.

A padà sílé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọyẹ́ ṣì wà, iná iwájú wa ń tàn, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo pẹ̀lú jíà kejì. Nọ́ńbà 40 hàn ketekete lójú géèjì, ọwọ́ ìgbóná dúró sí àárín. Ọmọ wa kékeré ló ń ka méjèèjì sókè ní gbogbo kọ́nà, títí Màmá fi ní kó jọ̀ọ́ jẹ́ káwọn sùn.