Dírágónì Méjì

Ní ìparí ọdún 2021, ọmọ mi obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù wá bá wa ṣe ọdún Kérésìmesì ní Ìbàdàn. Láti inú àpótí rẹ̀ ni ó ti mú ẹ̀rọ géèmù kékeré kan jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Nintendo Switch, ó sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ lè fi ṣeré. Mo yọjú láti yàrá láti sọ fún wọn pé kí wọ́n dín ariwo kù. Ohun tí mo rí lójú tẹlifíṣọ̀n ni dírágónì kékeré aláwọ̀ ewé kan, tí ó sanra bọ̀kọ̀tọ̀ bí ọmọ ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ kò fi ògì dù. Mo dúró gbọnin. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé. N kò lè dá a lóhùn.

Olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nípa ohun tí mo rántí jù lọ nípa ilé-ẹ̀kọ́ wa, ní ìmúrasílẹ̀ fún àjọ̀dún tí ó wà níwájú wa yìí. Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi yóò kọ nípa ẹgbẹ́ akọrin, nípa agogo ilé ìsìn, àti nípa ẹ̀wà alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Èmi yóò kọ nípa géèmù. Ẹ fara balẹ̀ fún mi, ọ̀nà náà yóò já sínú ọgbà wa láìpẹ́.

Bubble Bobble ni orúkọ eré náà. Ilé-iṣẹ́ Taito ní orílẹ̀-èdè Japan ni ó gbé e jáde ní ọdún 1986, ẹni tí ó sì ronú rẹ̀ jinlẹ̀ ni Fukio Mitsuji, tí ó kú ní ọdún 2008. Ní ìgbà náà, ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń lọ sí ilé géèmù ní ìlú wọn. Mitsuji fẹ́ eré tí ọkùnrin àti obìnrin lè jọ wá gbá ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nítorí náà ó dá dírágónì méjì sílẹ̀: Bub aláwọ̀ ewé, àti Bob aláwọ̀ aró. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. A sọ wọ́n di dírágónì, a sì jí àwọn àfẹ́sọ́nà wọn gbé lọ, ọgọ́rùn-ún ìpele ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ là kọjá kí wọ́n tó lè rí wọn gbà padà.

Àwọn dírágónì wọ̀nyí kò tu iná. Ìhó ni wọ́n ń tu, ìhó roboto bí irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ jáde láti inú omi ọṣẹ. Bí ìhó bá kan ọ̀tá, ọ̀tá á há sínú rẹ̀, ìhó á sì gbé e léfòó lọ sókè. Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀: o ní láti sáré tọ̀ ọ́ lọ kí o fi ara fọ́ ìhó náà kí ọ̀tá tó já. Bí ó bá já, ara rẹ̀ á pọ́n, ìrìn rẹ̀ á sì yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀tá tí o bá ṣẹ́gun á di èso tàbí oúnjẹ mìíràn tí o lè ṣà. Ẹni tí ó bá ní sùúrù tí ó kó ọ̀tá púpọ̀ sínú ìhó kí ó tó fọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, èrè rẹ̀ á máa pọ̀ ní ìlọ́po méjì méjì. Ṣùgbọ́n sùúrù náà ní ìwọ̀n. Bí o bá ń fi nǹkan falẹ̀, ẹ̀rọ á kìlọ̀ fún ọ, lẹ́yìn náà iwin funfun kan tí kò ṣeé pa, tí ògiri kò sì lè dá dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ kiri.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ojú kan ṣoṣo ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ kì í yí lọ bí o ti ń rìn, kò sí ìkọ̀kọ̀ tí ọ̀tá lè ba sí. Ògiri, ọ̀tá, ìhó àti ọ̀rẹ́ rẹ, gbogbo wọn wà níwájú rẹ bí ọmọ ayò nínú ọpọ́n. Bí nǹkan kan bá pa ọ́, ohun tí o ti ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

A wà ní kíláàsì kẹrin ní ọdún 1990 nígbà tí ọkùnrin kan tí ó ti òkè òkun dé gbé ẹ̀rọ náà wá sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ọjà, níbi tí kò jìnnà sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àpótí pákó tí ó ga tó ènìyàn ni, ojú gíláàsì wà lókè rẹ̀, ọ̀pá ìdarí méjì sì wà níwájú. Owó òyìnbó ni ihò rẹ̀ ń gbà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ti san kọ́bọ̀ wa, baba oníṣọ́ọ̀bù á fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan níwájú ẹ̀rọ, á tọwọ́ bọ inú rẹ̀ bí ẹni tí ń gbẹ̀bí ewúrẹ́, á tẹ nǹkan kan níbẹ̀, ohùn á sì dún pé owó ti wọlé.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ni a jọ ń lọ. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì kan náà ni a ń sùn, èmi lókè, òun nísàlẹ̀. Òun ni Bub, èmi ni Bob, kò sì pẹ́ tí a kò fi pe ara wa ní orúkọ mọ́: Ewé ni mo ń pè é, Aró ni ó ń pè mí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, àlùfáà ilé-ẹ̀kọ́ wa wàásù láti inú Ìwé Ìfihàn nípa dírágónì ńlá nì tí a lé kúrò ní ọ̀run. Ewé fi ìgúnpá gún mi. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí ìjókòó nítorí ẹ̀rín tí a ń gbé mì. A gé koríko fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀.

Nínú eré náà, bí ènìyàn bá di bọ́tìnnì ìfò mú, ó lè tẹ orí ìhó kí ó má sì fọ́; ó lè máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn. N kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ewé mọ̀ ọ́n ṣe bí ẹni tí wọ́n bí i mọ́. Èmi a máa tu ìhó, òun a máa gùn ún, títí yóò fi dé òkè pátápátá níbi tí ọ̀tá ìkẹyìn sá sí. Ìpele 38 ni ibi tí a dé jù, ẹni tí kò sì jẹ́ kí a kọjá ibẹ̀ ni NEPA. Bí iná bá ti lọ, gbogbo làálàá wa di òfo. Nígbà tí iná bá dé, ìpele kìíní ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin kò gbà wá láyè láti jáde ní ọgbà láìgba ìwé àyè, àwa kì í sì í gbà á. Ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tí àwọn yòókù ń fọ aṣọ, a kọjá ìpele 38. A kọjá 40. Ní 41, ẹ̀mí mi tán ṣáájú ti Ewé. Mo ní kí n lọ ra gúgúrú àti ẹ̀pà wá kí ó tó dé 42. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo rí Vespa olùkọ́ tí ń ṣàkóso ilé ibùgbé wa níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo yà sẹ́yìn àtíbàbà ìyá alákàrà.

Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Olùkọ́ wa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ta ni ẹ jọ wá?” Ó ní, “Èmi nìkan ni, sà.” Wọ́n tún bi í. Ó tún fún wọn ní èsì kan náà. Gúgúrú náà gbóná láti inú bébà wá sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá ka ení títí dé ẹ̀wá, n ó jáde. Mo kà á dé àádọ́ta. Vespa náà dún, Ewé jókòó sẹ́yìn olùkọ́, wọ́n sì lọ. Mo gba ihò ọgbà wọlé. Nígbà tí wọ́n fi máa pe orúkọ wa ní ìrọ̀lẹ́, mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ní àpéjọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n nà án ní ẹgba méjìlá, wọ́n sì lé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀wọ́ àwọn akọrin ni mo dúró sí. Lẹ́yìn tí wọ́n nà án tán, a kọ orin ìyìn, mo sì kọ apá tẹ́nọ̀ tèmi láìṣì. Kò padà wá. Ìtìjú náà wọ bàbá rẹ̀ lára, wọ́n sì mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní ìlú mìíràn. Títí sáà náà fi parí, kò sí ẹni tí ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀.

Èyí tí àwọn ọmọ mi ń gbá ní pálọ̀ ni àtúnṣe eré náà tí ó jáde ní ọdún 2019. Bubble Bobble 4 Friends ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni mẹ́rin ni ó lè gbá a pọ̀. Yàrá ọmọdé kan ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, àwọn dírágónì sì ti di ohun ìṣeré ọmọdé. Àwòrán rẹ̀ dán, ó sì rọ̀ lójú. Ojú kan ṣoṣo fún ìpele kan, wọn kò yí ìyẹn padà, mo sì yìn wọ́n fún un. Síbẹ̀, lójú tèmi, ó dà bí àlàárì tí wọ́n fi òwú ìgbàlódé hun: àwọ̀ wà níbẹ̀, ìwúwo ni kò sí. Àwọn ọmọ kò gbà fún mi. Ariwo tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pa lórí àga tìmùtìmù fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí èmi ni mo ṣìnà, nítorí mo rò pé irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni Mitsuji ń fẹ́.

Ohun tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é fún ni pé wọ́n fi eré ọdún 1986 gan-an sínú rẹ̀ lódidi. Ọmọ mi fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún mi nígbà tí ó ń padà. Lẹ́yìn àdúrà alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, èmi nìkan a jókòó tì í. Iná kò lè dí mi lọ́wọ́ mọ́. A ti ní bátìrì tí ń fa agbára oòrùn. Mo kọjá ìpele 41 ní alẹ́ kẹta, mo sì pa ẹ̀rọ náà fúngbà díẹ̀ kí n tó lè máa bá a lọ.

Ọ̀tá tí ó wà ní ìpele 100 jẹ́ ọ̀mùtí fìrìgbọ̀n kan tí ń sọ ìgò. Nínú gbogbo ìwàásù tí wọ́n ṣe fún wa lòdì sí ọtí, kò sí èyí tí ó yé mi tó o. Bí a ti ń ṣẹ́gun rẹ̀ tilẹ̀ ni pé kí dírágónì kọ́kọ́ mu oògùn inú ìgò kan, kí ìhó rẹ̀ lè máa gbé mànàmáná. N kò mọ ohun tí àlùfáà wa ìbá sọ sí ìyẹn. Ó pa mí títí ó fi sú mi. Ní nǹkan bí agogo méjì òru ọjọ́ kan, mo borí rẹ̀. Mo dìde dúró nínú pálọ̀, èmi àgbàlagbà, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ni ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sójú fún mi pé èyí kì í ṣe òpin tòótọ́, àti pé kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ padà wá. Bí wọ́n ti ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí ó ti jáde: ẹni tí ó bá dá nìkan dé ibẹ̀ kò rí òpin eré. Mo jókòó. Ọkùnrin ará Japan kan tí kò mọ̀ mí rí ti kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ dè mí ní ọdún mẹ́rin kí n tó sá sẹ́yìn àtíbàbà alákàrà.

Orí WhatsApp ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde ni mo ti rí nọ́ńbà rẹ̀. Ẹnìkan tí ó mọ ilé rẹ̀ ni ó fi í sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí n tó pè é.

“Ta nìyẹn?”

“Aró ni.”

Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí adìẹ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, “Aró. Ṣé o jẹ ẹ̀pà yẹn tán?”

Ó ti rí mi. Bí ó ti ń gun Vespa ni ó rí ẹsẹ̀ mi lábẹ́ àtíbàbà, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹgba yẹn kò tó nǹkan. Kò sí ẹni tí wọn kò nà rí ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Lẹ́tà ni mo ń retí. Odindi ọdún kan ni mo fi ń bèèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá lẹ́tà dé.” N kò ní èsì kankan fún un. Òun náà kò sọ pé kò burú. Ó kàn bi mí pé ìpele wo ni mo wà.

Olùkọ́ ni ó jẹ́ ní Ọ̀yọ́ nísinsìnyí. Sátidé ìkẹyìn nínú oṣù ni ó máa ń wọkọ̀ wá. Ìpele 64 ni a dé nígbà tí ó wá kẹ́yìn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà èmi ni mo ń pe ibi tí ọ̀tá wà fún un, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gun ìhó bí ó ti ń gùn ún ní ọjọ́sí. Ẹ̀pà ni kò jẹ́ kí n lọ rà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń rà á bọ̀ láti Ọ̀yọ́.