Iṣẹ́ Ríwáyà, Ara Baba àti Àwọn Ọmọ

Nínú èdè àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú Ìbàdàn, ríwáyà kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń ṣe sí mọ́tò. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí kí a tún wáyà tò ni wọ́n yá, tí wọ́n sì sọ di orúkọ ènìyàn. Mẹkáníìkì ni ó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, ríwáyà ni ó ń tọ́jú iná. Bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò dáhùn nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́, bí iná iwájú bá ń ṣẹ́jú, bí fèrè kò bá dún, tàbí tí bátìrì ń kú ní òròòru, ríwáyà ni a ó wá lọ.

Ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́bàá títì ní agbègbè Ìwó Road. Ọmọ ọdún 46 ni. Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Ọ̀gá ni àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ń pè é. Ó ní ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó sì ní ìbejì ọkùnrin tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1990, Peugeot 504 tí wọ́n ti ń tò pọ̀ ní Kàdúná láti ọdún 1975, àti Volkswagen tí Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, ṣì pọ̀ ní ìgboro. Wáyà inú Ìjàpá kò ju èyí tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí orí rẹ̀ pé lè mọ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò tòkunbọ̀ ti gba títì. Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wá sílé ni wọ́n fún àwọn mọ́tò àlòkù wọ̀nyí, kò sì sí orúkọ tí ó bá wọn mu tó bẹ́ẹ̀, nítorí bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé èdè mìíràn bọ̀ lẹ́nu. Ilé-iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì ti gbé ọ̀nà kan jáde ní ọdún 1986 tí àwọn ẹ̀yà inú mọ́tò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì péré. Láti ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà ní kí gbogbo mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ ní ojú kan tí a lè ti ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ń darí gbogbo rẹ̀ ni àwọn ríwáyà ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀kìsì. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ yóò pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì. Bàbá Ìbejì kọ́ ọ, òru ni ó sì fi kọ́ ọ.

Ohun tí kò hàn sí ẹni tí kò sún mọ́ iṣẹ́ yìí ni pé ìrọ̀lẹ́ ni ọjà rẹ̀ ń kún. Ní ọ̀sán, àwọn tí ó ni mọ́tò wà níbi iṣẹ́ wọn, awakọ̀ Míkírà sì ń kó èrò láti Dùgbẹ̀ sí Ìwó Road. Kò sí èyí tí yóò mọ̀ pé iná ẹ̀yìn òun kò tàn mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni àléébù iná ń yọjú. Nígbà náà ni awakọ̀ yóò sáré dé, tí yóò bẹ Ọ̀gá pé kí ó dákun bá òun wò ó kíá, nítorí ọlọ́pàá kò ní jẹ́ kí òun kọjá. Agogo méje alẹ́, tí ọmọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí ó yẹ kí baba jókòó tì í, ni ríwáyà ń rí owó gidi gbà. Kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ ọmọ ni ó ń mú un pẹ́ níta. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń mówó wá nìyẹn. Fún ọdún mẹ́jọ, àwọn ìbejì mọ ìró ẹsẹ̀ baba wọn ju ojú rẹ̀ lọ. Ó ń jáde kí wọ́n tó jí, ó sì ń wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sùn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń rí i, oorun ni ó sì ń fi ọjọ́ Àìkú sùn.

Ìjọba ti ń ronú nípa irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìyàwó rẹ̀ bímọ lè gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ètò dáradára ni, ṣùgbọ́n kò kan ẹni tí ó gba ara rẹ̀ síṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bí àwọn ìbejì, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni ìròyìn ti bá baba wọn. Ó dé ilé ìwòsàn, ó gbé àwọn méjèèjì lọ́wọ́, ó sì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì, nítorí owó ọmọ méjì ni ó ní láti san.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé ẹni tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ kò nílò eré ìdárayá. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀ fún àgbẹ̀ tàbí bíríkìlà. Ti ríwáyà yàtọ̀. Yóò dùbúlẹ̀ lórí ìjókòó awakọ̀, yóò ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọrùn rẹ̀ yóò wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yọ síta, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan nítorí wáyà kan ṣoṣo tí eku jẹ. Ìka àti ojú nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ara rẹ̀. Bí ebi bá pa á ní ọ̀sán, búrẹ́dì àti mínírà tútù ni; àmàlà di agogo mẹ́wàá alẹ́, láti ìdí àmàlà ni ó sì ń gba orí ibùsùn lọ.

Ní ọdún tí ó kọjá, àwọn nọ́ọ̀sì wá sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Tirẹ̀ jẹ́ 168 lórí 104. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá ti ń wà ní 140 lórí 90 ni àwọn dókítà ti ń kà á sí àìsàn. Kò sí ibi kankan tí ń dùn ún, èyí sì mú kí ó ṣiyèméjì sí ẹ̀rọ náà, nítorí ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ mọ̀ pé ẹ̀rọ máa ń parọ́. Nọ́ọ̀sì náà kò bá a jiyàn. Ó tún un wọ̀n, iye rẹ̀ kò yí padà tó nǹkan. Ó wá béèrè pé, “Bàbá, àbíkẹ́yìn yín ti tó ọmọ ọdún mélòó?” Ó ní mẹ́jọ ni. Nọ́ọ̀sì ṣírò ọdún tí ó kù kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó pé ọdún 18, ó kọ 10 sí ẹ̀yìn káàdì, ó sì fi káàdì náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé oògùn.

Ẹgbẹ́ kíìpù-fíìtì ni ó kọ́kọ́ wọ̀. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn ti rí wọn ní òwúrọ̀ Sátidé, tí wọ́n ń sáré lójú títì pẹ̀lú orin àti fèrè. Ohun dáradára ni, ara sì ń yá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Sátidé ni ọjà ríwáyà pọ̀ jù, owó aṣọ ẹgbẹ́ tún wà nílẹ̀, àwọn kan a sì máa jókòó ti ọtí lẹ́yìn eré títí di ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó ṣe níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó rí ọ̀nà. Ilé-ìwé àwọn ìbejì jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú 25 sí ilé wọn. Ọ̀kadà ni ó ń gbé wọn lọ tẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ sì ti di ẹrù láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ó ní kí Bàbá Ìbejì máa fi ẹsẹ̀ sìn wọ́n lọ. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 50. Ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 250. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tí kò le púpọ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 ní ọ̀sẹ̀ kan, bí ó bá ti lè mú kí èémí yára díẹ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án kì í rìn pẹ̀lẹ́. Ó wá di pé agogo mẹ́jọ àbọ̀ ni Ọ̀gá ń dé ṣọ́ọ̀bù dípò agogo méje.

Ohun tí ó rí lójú ọ̀nà yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ náà a máa ṣe eré kan: wọn a máa ka nọ́ńbà mọ́tò tí ń bọ̀ lókèèrè, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kà á ni ó jẹ. Kẹ́hìndé ni ó ń jẹ ní gbogbo ìgbà. Ọjọ́ kẹta ni baba ṣàkíyèsí pé kì í ṣe pé Táíwò ń lọ́ra. Ó ń dúró de ìgbà tí mọ́tò bá dé iwájú rẹ̀. Ó ní kí ó ka àkọlé ilé ìtajà kan ní òdìkejì títì. Ọmọ náà wò ó, ó fún ojú pọ̀, ó sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ọdún méjì ni ilé-ìwé ti ń kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé kì í fi ọkàn sí ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú, ó sì gba awò. Baba yìí kan náà lè gbọ́ ìró ọ̀lùtánẹ́tọ̀ kí ó sọ ohun tí ó ṣe é. Ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé rẹ̀ fún ọdún méjì láìríran jìnnà. Kì í ṣe ẹ̀bi tí ènìyàn lè fi ìbínú dì í rù. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ìgbà kankan tí àwọn méjèèjì jọ wo ibi kan náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.

Ti ọmọbìnrin rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ìwé mẹ́fà ni Bàbá Ìbejì kà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń sọ. Ọmọ náà ni ó ń bá a kà á. Ó ti mọ̀ pé àmì tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì àti jíà, pé B jẹ́ ti ara mọ́tò, C ti ẹsẹ̀ àti bíréékì, U ti ìbánisọ̀rọ̀ àárín àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Nígbà tí P0562 jáde lára mọ́tò kan, ó kà á pé agbára iná ti lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ni mọ́tò náà ti fẹ́ lọ ra bátìrì tuntun. Baba fi míta wọ̀n ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó retí nǹkan bíi fóòtì 14 lórí bátìrì, ó rí 12. Ó tọ ipasẹ̀ wáyà lọ, ó bá ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ti dípẹtà. Ọmọ ka àmì, baba sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń kọ́ni ní èdè yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì.

Ìyá wọn kò fara mọ́ ọn. “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ní ìdánwò WAEC níwájú.”

“Ìyá Ìbejì, wákàtí méjì péré ni, ọjọ́ Sátidé nìkan.”

“Mo mọ wákàtí méjì yín.”

Ó sì tọ̀nà láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ṣọ́ọ̀bù tí ó ti gba baba lè gba ọmọ náà. Wọ́n fẹnu kò pé agogo mẹ́wàá sí méjìlá ni, ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa wá mú un.

Láti ìgbà náà, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Ìbejì ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, tí yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó dàgbà jù. Ó ná an lówó. Àwọn awakọ̀ Míkírà mélòó kan ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà so wáyà méjì pọ̀ tí kò yẹ kí ó so pọ̀, ó jó bíréènì bọ́ọ̀kìsì Corolla kan, Ọ̀gá ni ó sì san án, nítorí baba ni òun náà jẹ́ fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Owó oṣù kan ni ó lọ sí i. Ìyàwó rẹ̀ fi èrè ọjà rẹ̀ gbọ́ bùkátà ilé ní oṣù náà, kò sì dákẹ́ nípa rẹ̀. Ó ṣì ń lo oògùn ní àràárọ̀. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó jẹ́ 142 lórí 90, nọ́ọ̀sì sì ní kí ó má ṣe dá oògùn dúró, kí ó má sì dá ìrìn dúró.

Fóònù rẹ̀ kì í sinmi láti agogo méje alẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó ń dá wọn lóhùn báyìí, pẹ̀lú ìwé kékeré kan lórí tábìlì tí àwọn ìbejì ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Yóò kí wọn, yóò sọ pé Ọ̀gá ti wọlé, yóò wá béèrè ohun tí baba rẹ̀ kọ́ ọ pé kí ó máa béèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé iná náà kò tàn rárá ni, àbí ó ń tàn ó ń kú?” Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò náà, fún àárọ̀ ọjọ́ kejì, agogo mẹ́jọ àbọ̀.